Ètò Orí Kọ̀ǹpútà Wo Ló Yẹ fún Iṣẹ́ Ohùn Yín? Ìtọ́sọ́nà fún Títún Ohùn Ṣe àti Yíyí Fáìlì Padà

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òǹkàwé ń gbé wá ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Ẹnì kan gba ìwáàsù sílẹ̀ lórí fóònù, ó sì fẹ́ yọ ìkéde tó gba iwájú kúrò. Ẹlòmíràn ní ohùn ìyá rẹ̀ àgbà nínú WhatsApp, ṣùgbọ́n rédíò ọkọ̀ rẹ̀ kò mọ irú fáìlì náà. Ẹlòmíràn ń kó oríkì ìdílé rẹ̀ jáde láti inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́. Gbogbo wọn ló ń béèrè pé ètò wo ni kí àwọn lò.

Kò sí ètò kan ṣoṣo tó dára fún gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí. Èyí tó mọ ohùn gé dáadáa lè máa fi àkókò yín ṣòfò bí ẹ bá ní ọgọ́rùn-ún fáìlì láti yí padà, èyí tó sì lè yí ọgọ́rùn-ún fáìlì padà kí ẹ tó mu omi tán kò lè bá yín yọ ikọ́ kan ṣoṣo kúrò láàárín ọ̀rọ̀. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kí ẹ tó wá ètò tí yóò ṣe é.

## Ẹ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè mẹ́ta yìí

- Ṣé inú ohùn náà ni ẹ fẹ́ tún ṣe, àbí irú fáìlì nìkan ni ẹ fẹ́ pààrọ̀?
- Ṣé fáìlì kan ni, àbí òkìtì fáìlì?
- Níbo ni wọn yóò ti gbọ́ ọ: fóònù, rédíò ọkọ̀, ilé iṣẹ́ rédíò, tàbí inú àpamọ́ fún àwọn ọmọ tó ń bọ̀?

Bí ẹ kò bá fẹ́ gé ohunkóhun, tí ẹ kò sì fẹ́ dín ariwo kù, ẹ fo apá Audacity, ètò tí a fi ń tún inú ohùn ṣe, kí ẹ lọ tààrà sí apá tó sọ nípa VLC, fre:ac àti FFmpeg, àwọn ètò tó ń yí fáìlì padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ṣí Audacity nítorí kí fáìlì lè di MP3 nìkan, iṣẹ́ tí kò tó nǹkan sì ń di iṣẹ́ ọ̀sán gangan mọ́ wọn lọ́wọ́.

## Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa irú fáìlì

WAV àti FLAC ń pa gbogbo ohun tí ẹ gbà sílẹ̀ mọ́. MP3, Opus, AMR àti AAC, èyí tó sábà máa ń wà nínú fáìlì M4A, ń yọ apá tí wọ́n gbà pé etí kò ní fura sí kúrò kí fáìlì lè kéré. Ohun tí wọ́n bá ti yọ, ó ti lọ nìyẹn. Bí ẹ bá sọ ohùn WhatsApp tó jẹ́ Opus di WAV, fáìlì náà yóò tóbi, ṣùgbọ́n ohùn inú rẹ̀ kò ní mọ́ ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì ń tọ́jú MP3, tí ẹ tún ń ṣí i, tí ẹ tún ń tọ́jú rẹ̀ bíi MP3, ohùn náà yóò máa burú sí i ní ìgbà kọ̀ọ̀kan.

Ìwọ̀n ohùn wákàtí kan nìyí, kí ẹ lè ṣírò dátà àti àyè orí kọ̀ǹpútà yín:

- WAV stereo (ohùn ọ̀nà méjì, òsì àti ọ̀tún), 44.1 kHz, 16-bit: nǹkan bí MB 635
- MP3, 128 kbps (iye dátà tí ohùn ń gbà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan): nǹkan bí MB 58
- MP3 mono (ohùn ọ̀nà kan ṣoṣo), 64 kbps: nǹkan bí MB 29

Fún ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, 64 kbps mono tó. Bí dùndún tàbí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, ẹ má lọ sí ìsàlẹ̀ 192 kbps, nítorí pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni MP3 tó kéré máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́.

## Audacity: fún títún inú ohùn ṣe

Agbára rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ó ń fi ohùn hàn yín lójú, tó fi jẹ́ pé ibi tí ẹnì kan ti wúkọ́ yóò yọ ṣóńṣó, ibi tí ọ̀rọ̀ ti dákẹ́ yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ lè to ohùn púpọ̀ léra wọn, kí orin wà lábẹ́ ọ̀rọ̀. Bí iná bá lọ lójijì, ó máa ń gbìyànjú láti gba iṣẹ́ yín padà nígbà tí ẹ bá tún ṣí i, èyí tí ó tó ìdí fún ọ̀pọ̀ wa láti fẹ́ràn rẹ̀.

Àléébù rẹ̀. Èkíní, Save Project kì í ṣe ohùn ni ó ń tọ́jú bí kò ṣe iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Fáìlì .aup3 tó bá jáde níbẹ̀, Audacity nìkan ló lè ṣí i, síbẹ̀ àwọn ènìyàn ń fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ WhatsApp, wọ́n á sì máa ṣe kàyéfì pé kò sẹ́ni tó gbọ́ nǹkan kan.

Èkejì, fáìlì .aup3 yẹn máa ń wú. Bí Audacity ṣe máa ń tọ́jú ohùn fún iṣẹ́, wákàtí kan ní mono nìkan lè gba nǹkan bí MB 635. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ṣe àtúnṣe kan sí gbogbo ohùn náà, yóò tún kọ ẹ̀dà mìíràn sílẹ̀, kí ẹ baà lè dá iṣẹ́ padà bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn. Àtúnṣe mẹ́ta lórí ìwáàsù wákàtí méjì lè kún àyè tó ṣẹ́ kù lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré.

Ẹ̀kẹta, kò lè ṣí M4A láìjẹ́ pé ẹ fi àkójọ FFmpeg kún un, M4A sì ni iPhone àti ọ̀pọ̀ fóònù Android fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ẹ̀kẹrin, púpọ̀ nínú àtúnṣe rẹ̀ ń yí ohùn inú iṣẹ́ náà padà pátápátá, àti pé bí ẹ bá ti pa ètò náà, ẹ kò lè fi Ctrl+Z dá a padà mọ́. Láti ẹ̀dà 3.2 ni àwọn àtúnṣe kan ti wà tí ẹ lè tàn tàbí kí ẹ pa nígbàkúùgbà, ṣùgbọ́n Noise Reduction kò sí lára wọn.

### Ìgbésẹ̀

1. Ẹ ṣe ẹ̀dà fáìlì àkọ́kọ́ sínú fódà mìíràn. Orí ẹ̀dà ni kí ẹ ti ṣiṣẹ́, kí ẹ má fọwọ́ kan ti àkọ́kọ́ rárá.
2. Ẹ ṣí Audacity, ẹ lọ sí File, Import, Audio, kí ẹ mú ẹ̀dà náà.
3. Ẹ lo Save Project lójú ẹsẹ̀, kí iṣẹ́ yín ní orúkọ kí iná tó lọ.
4. Bí ó bá jẹ́ ohùn ẹnì kan ṣoṣo, ẹ lọ sí Tracks, Mix, Mix Stereo Down to Mono. Ìdajì àyè ni ẹ fi pamọ́ yẹn.
5. Ẹ wá ibi tí ariwo nìkan wà láìsí ọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, kí ẹ sì fi máúsì yàn án. Ẹ lọ sí Effect, Noise Removal and Repair, Noise Reduction, kí ẹ tẹ Get Noise Profile.
6. Ẹ tẹ Ctrl+A láti yan gbogbo ohùn, ẹ padà sí Noise Reduction, ẹ fi dB 6 (òṣùwọ̀n agbára ohùn) sí i, ẹ tẹ Preview kí ẹ gbọ́ ọ. Bí ó bá yẹ, ẹ gbà á. Bí ariwo bá ṣì pọ̀, ẹ gbé e dé 9 tàbí 10, kí ẹ má kọjá ibẹ̀.
7. Ìgbà yìí ni kí ẹ tó gé ìbẹ̀rẹ̀, ìparí àti ohun tí ẹ kò fẹ́. Ẹ yan ibi náà, ẹ tẹ Z kí etí ibi tí ẹ yàn lè bọ́ sí ojú òdo, ìyẹn ìlà àárín àwòrán ohùn, lẹ́yìn náà kí ẹ tẹ Delete. Láìsí Z, ẹ lè máa gbọ́ ìró kékeré kan tó ń ta pó níbi tí ẹ ti gé e.
8. Ẹ lọ sí Effect, Volume and Compression, Loudness Normalization, kí ẹ fi LUFS -16 (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ń ròkè sétí) sí i. Bí orí ìgbì ohùn bá ń gbá òkè àti ìsàlẹ̀ àpótí rẹ̀, ẹ dá a padà, kí ẹ fi -19 sí i.
9. Ẹ fi earpiece gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti ìparí. Ẹ má gbọ́kàn lé agbọ̀rọ̀sọ kọ̀ǹpútà alágbèéká.
10. Ẹ lọ sí File, Export Audio. Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú ẹ̀dà FLAC tàbí WAV, lẹ́yìn náà kí ẹ tọ́jú MP3, kí ẹ yan Constant àti ìwọ̀n kbps tó bá iṣẹ́ yín mu.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún gbọ́dọ̀ ṣáájú ìkeje. Ẹni tó bá ti gé gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ kò sí kúrò kò ní rí ibi tí ètò náà yóò ti kọ́ bí ariwo ṣe rí.

### Ìkìlọ̀ lórí dídín ariwo kù

Noise Reduction mọ ariwo tó dúró sójú kan: fáànù, ẹ̀rọ amúlétutù, jẹnẹrétọ̀ tó wà lókèèrè. Kò mọ ariwo tó ń yí padà. Fèrè ọkọ̀, ọmọ tó ń sunkún, ọjà tó wà lẹ́yìn ilé, kò sí ohun tó lè ṣe sí wọn láìpa ọ̀rọ̀ lára, ó sì sàn kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èdè wa tún ní ewu tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìró s, ṣ àti f jọ ariwo ní etí ètò náà, nítorí náà àwọn ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Ohùn ìsàlẹ̀ tó bá parí gbólóhùn ni ó tẹ̀ lé e, torí pé ó máa ń rọra wọlẹ̀ títí tí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ariwo tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ dán an wò níbi tí ẹni náà ti sọ ọ̀rọ̀ bí "ọ̀nà" tàbí "ọ̀rọ̀" ní ìparí gbólóhùn: bí ẹ kò bá gbọ́ sílébù tó gbẹ̀yìn dáadáa mọ́, ẹ ti kọjá àyè. Tí ẹ bá sì wá tẹ̀ síwájú sí i, ohùn náà yóò dà bí ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò omi. Èmi a máa yan ohùn tó ní ariwo fáànù díẹ̀ ju èyí tó mọ́ tónítóní tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì já geere.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yára díẹ̀, Change Tempo ni kí ẹ lò. Change Speed and Pitch ń yí gíga ohùn padà pẹ̀lú ìyára rẹ̀, àgbàlagbà yóò sì máa sọ̀rọ̀ bí ọmọdé.

## Bí ó bá jẹ́ gígé nìkan: ocenaudio àti mp3DirectCut

ocenaudio jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì wà fún Windows, Mac àti Linux. Ó rọrùn fún ẹni tí ojú Audacity ń dẹ́rù bà, ó ń ṣí fáìlì ńlá kíákíá, ó sì ń jẹ́ kí ẹ gbọ́ àtúnṣe bí ẹ ti ń yí i lọ́wọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé a kò ṣe é fún títo ohùn púpọ̀ léra, àti pé orí fáìlì gan-an ni ó ń ṣiṣẹ́ lé: bí ẹ bá tẹ Ctrl+S láìronú, fáìlì tí ẹ ṣí ni ó kọ lé lórí yẹn. Save As ni kí ẹ máa lò.

mp3DirectCut kéré, Windows nìkan ni a ṣe é fún, ó sì ń ṣe ohun tí púpọ̀ nínú àwọn yòókù kì í ṣe: ó ń gé MP3 láìtún un fún pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ohun tó sọnù nínú ohùn. Ó tún lè gbé ohùn sókè tàbí kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní ìwọ̀n dB 1.5 lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ó kù sí ni pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí a fi mọ MP3, tí ó ń tó nǹkan bí ẹ̀yà 26 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kò ṣeé gé sí méjì. Fún yíyọ ìkéde ìbẹ̀rẹ̀ ìwáàsù kúrò, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Fún yíyọ ìró kékeré kan láàárín ọ̀rọ̀ méjì tó sún mọ́ra, ẹ padà sí Audacity.

## Yíyí fáìlì padà: VLC, fre:ac àti FFmpeg

VLC ti wà lórí kọ̀ǹpútà ọ̀pọ̀ yín tẹ́lẹ̀ nítorí fíìmù. Ẹ má wá ètò mìíràn bí ó bá jẹ́ fáìlì kan ṣoṣo:

1. Ẹ tẹ Ctrl+R, kí ẹ tẹ Add, kí ẹ yan fáìlì.
2. Ẹ tẹ Convert / Save.
3. Ní Profile, ẹ yan Audio - MP3.
4. Ẹ tẹ Browse, kí ẹ fún fáìlì tuntun ní orúkọ tó yàtọ̀ sí ti àtijọ́.
5. Ẹ tẹ Start, kí ẹ dúró kí ìlà ìsàlẹ̀ dé òpin.

Ó ń mọ fáìlì tí ọ̀pọ̀ ètò kò mọ̀, títí kan AMR ti fóònù àtijọ́. Àléébù rẹ̀ ni pé bí iṣẹ́ bá kùnà, ó lè má sọ fún yín. Ẹ wo ìwọ̀n fáìlì tuntun náà, nítorí èyí tó bá jẹ́ KB 0 kò ní nǹkan kan nínú.

fre:ac ni mo máa ń dábàá fún ẹni tó ní òkìtì fáìlì tí kò sì fẹ́ kọ àṣẹ. Ọ̀fẹ́ ni, ó ń ka CD, ó sì ń yí gbogbo fáìlì inú fódà padà lẹ́ẹ̀kan náà sí MP3, FLAC, Opus tàbí AAC. Kò lè tún inú ohùn ṣe, kò sì ṣe bí ẹni pé ó lè ṣe é.

FFmpeg ni alágbára jùlọ nínú gbogbo wọn, òun sì ni ó le jù láti kọ́kọ́ lò, nítorí kò ní bọ́tìnnì kankan. Ẹ óò ṣí ojú àṣẹ kọ̀ǹpútà yín (Command Prompt lórí Windows, Terminal lórí Mac àti Linux) nínú fódà tí fáìlì wà, kí ẹ sì tẹ àṣẹ. Láti sọ ohùn WhatsApp di MP3 fún ọ̀rọ̀ ẹnu:

`ffmpeg -i ohun.opus -c:a libmp3lame -b:a 64k -ac 1 ohun.mp3`

Láti gé láti ìṣẹ́jú karùn-ún dé ìkarùndínláàádọ́ta láìtún ohùn fún pọ̀:

`ffmpeg -ss 00:05:00 -to 00:45:00 -i iwaasu.mp3 -c copy iwaasu-gige.mp3`

Láti yí gbogbo fáìlì Opus inú fódà padà lójú àṣẹ Windows:

`for %f in (*.opus) do ffmpeg -i "%f" -c:a libmp3lame -b:a 64k -ac 1 "%~nf.mp3"`

Bí orúkọ fáìlì tuntun bá ti wà tẹ́lẹ̀, FFmpeg yóò béèrè kí ó tó kọ lé e lórí. Bí ẹ bá rí ẹni tó fi -y sínú àṣẹ, ẹ yọ ọ́, torí ó ń sọ fún un pé kó má béèrè. Ẹ má sì gbìyànjú láti fi FFmpeg wá ibi tí ikọ́ wà, nítorí ẹ kò rí ohùn náà lójú.

## Àwọn ìkànnì ayélujára tó ń yí fáìlì padà

Àǹfààní wọn ni pé ẹ kò ní gbé ètò kankan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ sì lè lò wọ́n ní ọ́fíìsì tí wọn kì í gbà kí ènìyàn fi nǹkan sí kọ̀ǹpútà wọn. Ṣùgbọ́n dátà ni ẹ ń san lẹ́ẹ̀mejì, nígbà tí fáìlì ń gòkè àti nígbà tí ó ń bọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ń fi òdiwọ̀n sí bí fáìlì ṣe lè tóbi tó. Èyí tó wúwo jù ni pé ẹ ti fi ohùn náà sọ́wọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀. Ìpàdé ẹbí lórí ogún, ọ̀rọ̀ aláìsàn pẹ̀lú dókítà, ẹ̀rí ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí: ẹ má gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ síbẹ̀ láéláé.

## Àwọn tí a ń sanwó fún

Adobe Audition dára fún ẹni tí ó ń fi iṣẹ́ ohùn jẹun, ó sì ní irinṣẹ́ dídín ariwo kù tó ju ti Audacity lọ, ṣùgbọ́n owó tí ẹ óò máa san léraléra ni, kò sì sí fún Linux. Reaper fúyẹ́, kì í fọwọ́ kan fáìlì àkọ́kọ́, ó sì ń fún yín ní ọgọ́ta ọjọ́ láti fi dán an wò. Bí ẹ bá ní Mac, GarageBand wà níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún orin. Fún ìwáàsù, wáàsí àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, n kò rí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ náwó.

## Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀

- Gbígbé ètò láti ibikíbi. Ìpolówó ló sábà máa ń kọ́kọ́ jáde nígbà tí ẹ bá wá orúkọ ètò lórí ayélujára. Ẹ lọ tààrà sí audacityteam.org, videolan.org tàbí ffmpeg.org.
- Yíyí orúkọ nìkan padà. Bí ẹ bá pa .opus rẹ́ tí ẹ kọ .mp3 sí i, orúkọ ló yí padà, inú fáìlì kò yí padà.
- Fífi àmì ohùn sínú orúkọ fáìlì. Ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kò lè fi ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn hàn. Ẹ fi lẹ́tà lásán sọ fáìlì lórúkọ, kí ẹ sì kọ àkọlé tó pé pẹ̀lú àmì rẹ̀ sínú àlàyé inú fáìlì náà, tí Audacity ń pè ní Metadata.
- Yíyan Variable fún rédíò ọkọ̀ àtijọ́. Aago orí rẹ̀ yóò máa pa irọ́. Constant ni kí ẹ yàn.

## Kí ẹ tó fi ránṣẹ́

- Fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà níbi tí ó wà, a kò fọwọ́ kàn án.
- Ẹ̀dà FLAC tàbí WAV ti àtúnṣe wà nípamọ́, fún ọjọ́ tí ẹnì kan yóò béèrè irú fáìlì mìíràn.
- Ẹ ti gbọ́ MP3 náà lórí fóònù tàbí rédíò tí àwọn ènìyàn yóò lò gan-an.
- Lórí WhatsApp, Document ni ẹ fi ránṣẹ́, kí orúkọ fáìlì má baà sọnù.
- Fún rédíò ọkọ̀, ọ̀nà FAT32 ni a fi fọ́mátì fláàṣì náà, nítorí ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ kò mọ ọ̀nà kejì tó ń jẹ́ NTFS.